Pákó Tí Kò Ṣe Òrùlé

Aago mẹ́rin kọjá. Òjò àkọ́rọ̀ àná ṣì ń kán létí páànù.
Sùbédátù ti gbé ìkọ́kọrẹ́ sàárì kaná.
Mo na ìka àárín sábẹ́ àtùpà
bí ẹni fẹ́ tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀.
Abẹ́rẹ́ bù mí jẹ. Ẹ̀jẹ̀ yọ, kò tó ojú ẹyẹ ẹ̀gà.
Ẹ̀rọ náà rò ó wò, ó ní:
igba ó lé mọ́kànlélógún.

Ogójì ọdún ni mo fi wọn pákó ní sọ́mììlì Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọ̀pẹpẹ, afàrà, ọ̀gànwó,
ẹnikẹ́ni ò bá téèpù mi jiyàn rí.
Àṣé nǹkan kan wà lára mi tí n ò wọ̀n.

Èṣí, mo gbà á. Mo fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.
Ọjọ́ kẹsàn-án, kí wọ́n tó pe ìrun Alààsárì,
òógùn bò mí bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí,
ọwọ́ ń gbọ̀n, téèpù ń gbọ̀n,
íńṣì méjìlá di ogún lójú mi.
Nígbà tí mo lajú, lẹ́búlẹ́bú pákó ló kún ẹnu mi.
Súlù, ọmọ alárùú, ń kán omi ṣúgà sí mi létè,
ó ń sunkún,
ó ń bẹ̀ mí kí n má bínú pé òun ba ààwẹ̀ mi jẹ́.

Dókítà Ọ̀nàfowókàn ò pariwo.
Lọ́dún tó kọjá, ó kọ nọ́ńbà méjì sẹ́yìn káàdì mi:
bó bá já wá sí àádọ́rin, ẹ ṣínu,
bó bá ta kọjá ọ̀ọ́dúnrún, ẹ ṣínu,
ẹ má dúró de oòrùn.
Lọ́dún yìí, ó wo egbò àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi,
ó dé bírò rẹ̀, kò kọ nǹkan kan.

Mo gbé e tọ Àlùfáà Bàdámọ́sì lọ,
mo rò pé yóò gbèjà mi.
Ó rẹ́rìn-ín. "Sùnmọ́nù, ta lo fẹ́ gbààwẹ̀ fún?
Ẹni tó dá ẹ̀jẹ̀ rẹ, àbí àwọn ará sọ́mììlì?"
N ò rí èsì fọ̀.

Gbígbà là ń gba ààwẹ̀, a kì í jà á gbà.
Ohun tí mo ti ń gbà láti ọmọ ọdún mọ́kànlá,
láàárọ̀ yìí mo dá a padà fún Ẹni tó ni ín.
Mo ní: Ẹ bá mi dì í mú.

Ebi ò le. Jíjẹ ló le.
Aago mọ́kànlá, mo lọ sẹ́yìn òkìtì afàrà,
mo ń jẹ ẹ̀wà bí olè, mo ń jẹ, mo ń wẹ̀yìn.
Hásínátù ọmọ ọmọ mi ká mi mọ́bẹ̀,
ọmọ ọdún mẹ́jọ, ààbọ̀ ààwẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́.
Ó wò mí. Ó wo abọ́.
Ó kẹ̀yìn sí mi, ó na ìbòrí rẹ̀ lápá méjèèjì
bí ẹni ń fi aṣọ dí ojú oòrùn.
"Bàbá, ẹ máa jẹun. Mò ń ṣọ́nà."

Pákó tí ikán ti tọ́ wò kì í ṣe òrùlé.
A kì í sì í torí ìyẹn dá a sínú iná.
Mo kan bẹ́ǹṣì kan síwájú ilé.
Bí Mọ̀gàríbì bá ti dé, Súlù á jókòó sí i,
dàbínù mẹ́ta, omi, ìkọ́kọrẹ́ tó ń rú èéfín.
Títí oṣù á fi wọ̀, oúnjẹ rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn mi.
Mo ń wo gògóńgò rẹ̀ bí omi ti ń gbabẹ̀ kọjá.
Ó ní kí n jókòó. Bẹ́ǹṣì ò ké.

Mo tún gún ìka.
Ọgọ́jọ ó dín mẹ́ta.
N ò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Mo fi pẹ́ńsù ìwọnpákó kọ ọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.